Ìdájọ́ Fàyàwọ́ Ọta Ìbọn: Kí Ọjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Tó Kọjá

Àwọn lẹ́tà tí ó wà nísàlẹ̀ yìí wá láti Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ wọ́n kò sọ ọjọ́ gan-an tí wọ́n kọ ìdájọ́ náà sílẹ̀ ní kóòtù. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ti dá ẹjọ́ ló ń darí kòtẹ́milọ́rùn, kì í ṣe ti ilẹ̀ tí wọ́n ti bí ẹni náà. Ohun tí ó ṣiṣẹ́ ní Pọ́bẹ̀ lè má wúlò rárá ní Texas.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Houston. Ó kó ọta ìbọn 1,000, ti ìbọn ìléwọ́ 9 mílímítà, sáàárín aṣọ òkìrìkà nínú dúrọ́ọ̀mù tí ó ń bọ̀ ní èbúté Kútọnu. Wọ́n já dúrọ́ọ̀mù náà kí ó tó wọkọ̀. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n oṣù 57 fún un. Ó pé ọjọ́ 9 lónìí. Ó ti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní pe kòtẹ́milọ́rùn. Ẹbí ní kí a kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? — Òǹkàwé kan, Ọ̀wáńdó, Àjàṣẹ́

Ẹ gbé lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tì ná. Bí ọjọ́ 9 bá ti lọ, 5 péré ló kù. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ọjọ́ 14 ni ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ní láti fi ìwé ìfilọ̀ kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀, Àbámẹ́ta àti Àìkú sì wà nínú kíkà náà. Bí ọjọ́ ìkẹyìn bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ìsinmi ìjọba nìkan ni ó máa ń sún sí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ tí akọ̀wé kóòtù tẹ ìdájọ́ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ 14 yìí. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí adájọ́ sọ̀rọ̀ gan-an, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ máa ṣe bí ẹni pé ọjọ́ tí ó ṣáájú ni, títí agbẹjọ́rò yóò fi fi àkọsílẹ̀ hàn yín. Adájọ́ lè fi ọjọ́ kún un, tí kò ní ju 30 lọ, bí ìdí gidi bá wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìyẹn sọ́kàn ti ń fi ẹjọ́ rẹ̀ ṣeré.

Ìwé ìfilọ̀ náà kò gùn. Ojú ewé kan péré ni: orúkọ ẹni tí ń pe ẹjọ́, nọ́ńbà ẹjọ́, ìdájọ́ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, àti kóòtù tí ó fẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Kò sí àlàyé kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù tí ó dá ẹjọ́ náà, ní Houston, ni ẹ ó fi sílẹ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé New Orleans ni àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn agbègbè karùn-ún, tí Texas wà lábẹ́ wọn, fi ṣe ibùjókòó. Bí àbúrò yín bá wà látìmọ́lé tí kò rí agbẹjọ́rò rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ lè kọ ọ́, kí ó sì fi lé ẹ̀ka lẹ́tà òfin lọ́wọ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kó tó di òpin ọjọ́ kẹrìnlá. Bí ó bá ti fi síbẹ̀ lásìkò, ó bá ọjọ́ mu, kódà bí ó bá pẹ́ kó tó dé kóòtù. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan mọ́ ọn pé ọjọ́ báyìí ni òun fi ránṣẹ́ àti pé wọ́n ti san owó lẹ́tà, kí ó sì bu ọwọ́ lù ú. Àìsí ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ni ó máa ń fa àríyànjiyàn nígbà tí ìwé bá dé lẹ́yìn ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí ó kọ̀wé sí agbẹjọ́rò rẹ̀ lónìí, gbólóhùn kan tó: "Mo fẹ́ pe kòtẹ́milọ́rùn." Agbẹjọ́rò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn pé ìwé tí ó fọwọ́ sí ti dí ọ̀nà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ ní 2019, nínú ẹjọ́ Garza v. Idaho, pé bí oníbàárà bá ní kí wọ́n pè é, agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ fi ìwé ìfilọ̀ sílẹ̀, kódà bí oníbàárà ti fọwọ́ sí i pé òun kò ní pè é. Agbẹjọ́rò tí ó bá kọ̀ ti fún oníbàárà ní ìdí láti padà sí kóòtù kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó má sọ ọ́ lórí fóònù nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìwé tí ó fọwọ́ sí yẹn lágbára. Bí kòtẹ́milọ́rùn bá jẹ́ lórí pé oṣù pọ̀ jù, agbẹjọ́rò ìjọba yóò gbé ìwé náà jáde, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn adájọ́ lé ẹjọ́ náà dànù láìwo inú rẹ̀. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹ́ kù ni ìdájọ́ tí ó ju gbèdéke òfin lọ, ìjẹ́wọ́ tí kò ti ọkàn wá tàbí tí kò yé ẹni tí ó ṣe é, àti àìṣedéédéé agbẹjọ́rò. Gbèdéke fún fífi ẹrù òfin jáde ní Amẹ́ríkà lábẹ́ abala 554 nínú ìwé òfin ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ọdún 10. Oṣù 57 kò tó ìdajì rẹ̀, nítorí náà ti àkọ́kọ́ yẹn kò sí. Ẹ ní kí agbẹjọ́rò gba àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ó jẹ́wọ́. Òfin ní kí adájọ́ ṣàlàyé fún un ní gbangba kóòtù, lójúkojú, ohun tí fífi kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀ túmọ̀ sí, kí ó sì rí i dájú pé ó yé e. Bí adájọ́ bá fò ó, tàbí tí ògbufọ̀ kò sí níbi tí ó ti yẹ kí ó wà, ohun tí a lè dìrọ̀ mọ́ nìyẹn. Kí agbẹjọ́rò tún ka ìwé àdéhùn ìjẹ́wọ́ tí àbúrò yín bá ìjọba ṣe dé ìparí: àwọn ìwé àdéhùn mìíràn sọ pé bí ẹlẹ́bi bá pe kòtẹ́milọ́rùn, ìjọba lè gbé àwọn ẹ̀sùn tí ó ti jù sílẹ̀ padà wá. Ó yẹ kí àbúrò yín mọ èyí kó tó fi ìwé sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Níbo wá ni oṣù 57 ti wá? Ìwé ìlànà ìdájọ́ tí àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà ń wò, abala 2M5.2, fa ìlà sórí ọta 500. Bí ọta bá jẹ́ ti ìbọn kékeré tí kì í yìn léraléra fúnra rẹ̀, tí kò sì ju 500 lọ, ìpele 14 ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fi ẹyọ kan ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìpele 26 ni. Kò sí ìpele kankan láàárín, ọta 501 àti ọta 5,000 sì ń bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà. Ẹni tí kò rú òfin rí, tí ó tètè jẹ́wọ́, wọ́n á yọ 3 kúrò nínú 26, yóò ku 23, oṣù 46 sí 57 sì ni ìyẹn. Wọ́n fún àbúrò yín ní òkè pátápátá. Ká ní ìpele 14 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yọ 2, yóò ku 12, oṣù 10 sí 16. Ìyàtọ̀ ọdún 3 ó lé wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Láti 2005 ni ìwé ìlànà yìí kò ti de adájọ́ lọ́wọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò náà bí ó ti tọ́. Àṣìṣe nínú ìṣirò lágbára ní kòtẹ́milọ́rùn ju pé kí ẹ sọ pé adájọ́ le jù.

Nítorí náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ka ọta náà. Páálí ọta 9 mílímítà sábà máa ń gba 50, a jẹ́ pé páálí 20 ni 1,000. Ṣé wọ́n ṣí páálí kọ̀ọ̀kan ni, àbí wọ́n ka àkọlé ara páálí? Ṣé gbogbo rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀mù yìí, àbí wọ́n ro ti ẹrù tí ó ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn? Wọ́n lè ro ẹrù àtẹ̀yìnwá mọ́ ọn bí ó bá jẹ́ ọ̀wọ́ kan náà, ẹ̀rí ibẹ̀ kò sì nílò kí ó dá ni lójú tó ti ìdálẹ́bi. Kí ó sáà jọ òótọ́ ju irọ́ lọ ni. Ibí ni ìṣòro ti sábà máa ń wà fún ẹni tí wọ́n bá 400 lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì dá a lẹ́jọ́ 700. Ṣùgbọ́n bí 1,000 náà bá wà nínú dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ní òótọ́, tí ó sì ti kọ iye náà sínú ìwé àdéhùn, ọ̀nà yìí ti dí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀. Ẹ wo ipa tí ó kó dípò rẹ̀: bí ẹlòmíràn bá ra ọta, tí ó sanwó, tí ó sì jẹ́ pé gbígbé dúrọ́ọ̀mù dé ilé ìkẹ́rù nìkan ni tirẹ̀, ìwé ìlànà gbà kí wọ́n yọ ìpele 2 sí 4.

Gbogbo èyí wà lórí ìbéèrè kan: ṣé wọ́n sọ ọ́ ní kóòtù àkọ́kọ́? Ó kéré tán, ọjọ́ 35 ṣáájú ìdájọ́ ni wọ́n máa ń fún ẹlẹ́bi ní ìwé ìwádìí tí òṣìṣẹ́ kóòtù kọ nípa rẹ̀, ọjọ́ 14 sì ni ó ní láti kọ ohun tí kò fara mọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí agbẹjọ́rò bá takò nígbà yẹn, àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Èyí tí ó bá dákẹ́ lé lórí, àfi kí àṣìṣe náà hàn gbangba, kí ó sì ti pa ẹlẹ́bi lára kí wọ́n tó dá sí i. Nínú àwọn ìdí tí ẹjọ́ fi máa ń ṣubú, ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó ń dùn wá jù, nítorí ẹlẹ́bi kì í sábà mọ̀ pé ohun kan ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn, àwọn 3, kì í gbọ́ ẹlẹ́rìí tuntun. Àkọsílẹ̀ kóòtù àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń kà. Lẹ́yìn ìwé ìfilọ̀, agbẹjọ́rò ní ọjọ́ 14 láti béèrè fún ìwé tí wọ́n ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu kóòtù sí. Tí àkọsílẹ̀ bá pé, ó ní ọjọ́ 40 láti kọ àlàyé rẹ̀, ìjọba ní 30 láti fèsì, òun náà ní 21 láti dá wọn lóhùn. Owó ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ dọ́là 605, ṣùgbọ́n ẹni tí kóòtù fún ní agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ kò ní san án, agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ náà á sì bá a lọ sí kòtẹ́milọ́rùn. Ní gbogbo àkókò yìí, inú ẹ̀wọ̀n ni yóò wà; ìdúró lóde nígbà kòtẹ́milọ́rùn ṣọ̀wọ́n.

Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ẹbí kò lè wọ inú àkọsílẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá dá ẹjọ́ padà sí Houston kí wọ́n tún ìdájọ́ ṣe, ìgbà yẹn ni ó wúlò. Ẹ kọ ọ́ nígbà náà, kí ẹ fi iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti àwọn tí ó ń bọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó mọṣẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn dúwáànì (kọ́sítọ́ọ̀mù) mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nítòsí Ìlárá, pẹ̀lú páálí ọta ìbọn ọdẹ 8 lórí ọ̀kadà, ó ń lọ sí Nàìjíríà. Tíríbúnà Pọ́bẹ̀ dá a lẹ́jọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó sì wà lẹ́wọ̀n. Ṣé èmi lè lọ pe kòtẹ́milọ́rùn fún un? Wọ́n ní ìyà rẹ̀ lè pọ̀ sí i. — Bàbá kan, Kétu

Bàbá, ẹ kò lè pè é gẹ́gẹ́ bí àbúrò bàbá rẹ̀ lásán. Òun fúnra rẹ̀, tàbí agbẹjọ́rò rẹ̀, tàbí ẹni tí ó fún ní ìwé àṣẹ pàtàkì lórí ẹjọ́ yìí, ló lè pè é. Ọjọ́ 15 ni, láti ọjọ́ tí wọ́n ka ìdájọ́ sí i létí. Bí kò bá sí ní kóòtù lọ́jọ́ náà, ọjọ́ tí wọ́n mú ìdájọ́ wá fún un lábẹ́ òfin ni kíkà náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó yá jù fún ẹni tí ó wà lẹ́wọ̀n ni ọ̀dọ̀ alákòóso ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹni tí a ń pè ní régisseur. Kí ó sọ fún un pé òun ń pe ẹjọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i. Alákòóso ni yóò fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù, ní greffe Pọ́bẹ̀. Iṣẹ́ tiyín wà lẹ́yìn èyí. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3, ẹ gba Pọ́bẹ̀ lọ, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé kòtẹ́milọ́rùn, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀. Ìwé máa ń jókòó sínú dúrọ́wà ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ yóò fi lọ. Àṣìṣe kejì jẹ́ ti orúkọ: orúkọ Yorùbá tí wọ́n fi ọwọ́ Faransé kọ lè jẹ́ Adékambi lórí ìdájọ́, Adekanbi lórí ìwé ẹ̀wọ̀n, Adékanmi nínú ìwé kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ rí i pé ó bá ti ìdájọ́ mu lẹ́tà fún lẹ́tà, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọjọ́ ìdájọ́.

Kí ó má sọ pé ẹ̀wọ̀n nìkan ni òun ń pe ẹjọ́ lé lórí, àfi bí agbẹjọ́rò bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá dárúkọ nìkan ni wọn ó gbọ́. Kí ó pè é lórí gbogbo ìdájọ́ náà: ìdálẹ́bi, ẹ̀wọ̀n, owó ìtanràn, àti ẹrù pẹ̀lú ọ̀kadà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé. Àwọn dúwáànì náà wà nínú ẹjọ́ yìí nítorí owó, wọ́n sì lè pe tiwọn.

Ní ti ìyà tí ó lè pọ̀ sí i: bí òun nìkan bá pè é, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn kò lè fi ẹ̀wọ̀n kún ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Bí procureur, agbẹjọ́rò ìjọba, náà bá pè é, ó lè pọ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ sí Pọ́bẹ̀, ẹ béèrè ìyẹn pẹ̀lú. Bákan náà ni òfin rí ní Amẹ́ríkà láti ìgbà tí ẹjọ́ Greenlaw ti parí ní 2008: bí ìjọba kò bá pe ẹjọ́, àwọn adájọ́ kò lè dá fi kún un.

Kútọnu ni wọn yóò ti gbọ́ ọ, ibí yìí sì ni tiwa ti yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Kútọnu lè tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lè mú ìwé tí kò sí níwájú adájọ́ Pọ́bẹ̀ wá. Ohun tí wọn yóò béèrè ni ibi tí ó ti ra ọta, ẹni tí ó rà á fún, àti ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹ wá ìwé ẹ̀rí ọjà láti ọwọ́ ẹni tí ó tà á, àti ìwé àṣẹ ìbọn bí ọdẹ gidi bá ni í. Kí wọ́n má gbójú lé pé ọta ọdẹ ni, kì í ṣe ti ogun. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lórí ìbọn kékeré, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní 2006, ka ọta mọ́ ìbọn, ó sì de gbígbé e kọjá ààlà láìsí àṣẹ. Bí ọta náà bá sì jẹ́ fún ọdún ìbílẹ̀, kí ẹni tí ó rán an ní iṣẹ́ wá sí kóòtù sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́wọ̀n nìkan kò lè gbé e.

Bí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ bá pẹ́, agbẹjọ́rò lè kọ̀wé sí kóòtù kan náà pé kí wọ́n dá a sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Ibùgbé tí a mọ̀, iṣẹ́, àti ẹni tí ó dúró fún un ló ń ran irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

CRIET, kóòtù Benin tí ń gbọ́ ẹ̀sùn ọ̀ràn ọrọ̀ ajé àti ìpániláyà, ni ó dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́jọ́ níbí ní Àjàṣẹ́. Aládùúgbò wa sọ pé ìdájọ́ CRIET kò ní kòtẹ́milọ́rùn. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyàwó ilé kan, Àjàṣẹ́

Òótọ́ ni nígbà tí wọ́n dá kóòtù CRIET sílẹ̀ ní 2018. Ọ̀dọ̀ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Benin nìkan ni ènìyàn lè gbà nígbà náà, ibẹ̀ kì í sì í tún ọ̀rọ̀ gbọ́, bí wọ́n ṣe lo òfin ni wọ́n ń wò. Ní oṣù kẹta 2019, Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, nínú ẹjọ́ Ajavon, sọ pé èyí tẹ ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lójú. Ní 2020 ni wọ́n tún òfin ṣe, CRIET sì ní ẹ̀ka kòtẹ́milọ́rùn tirẹ̀ nínú ilé kan náà báyìí. Aládùúgbò yín ń sọ òfin àtijọ́. Kí ẹ̀gbọ́n yín pè é lónìí tàbí lọ́la. Kò sí èrè kankan nínú dídúró de ọjọ́ ìkẹyìn. Bí ẹ̀ka náà bá sì ti dá tirẹ̀ tán, kí agbẹjọ́rò sọ fún yín lọ́jọ́ náà gan-an iye ọjọ́ tí ó kù láti dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ.

Ọkùnrin kan ní Kútọnu ní òun mọ ẹni tí ó lè bá àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ nítorí ọmọ wa. 2,000,000 fíránkì sẹ́fà ni ó ń béèrè. — Òbí kan, Àjàṣẹ́

Ẹ má san án. Kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ lo íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ bí ẹjọ́ ọmọ yín ṣe ń lọ: àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ojúlé kan tí wọ́n ń pè ní PACER, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè forúkọ sílẹ̀ kí ó wo àkọsílẹ̀ ẹjọ́. Sẹ́ǹtì 10 ni ojú ewé kan, ìwé kan kì í sì í ju dọ́là 3 lọ. Ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ ìfilọ̀ kòtẹ́milọ́rùn sí, ẹ wo ọjọ́ iwájú rẹ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá agbẹjọ́rò ti ṣe é. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun ń ṣe nǹkan tí kò hàn lórí àkọsílẹ̀ yẹn ń tan yín jẹ. Bí ọ̀rọ̀ rìbá bá sì fara hàn nínú ìpè fóònù láti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ibi tí wọ́n ti máa ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ̀sùn tuntun ni yóò di fún ọmọ yín.

Ọkọ mi ní gíríìn káàdì. Ṣé kòtẹ́milọ́rùn á dá lílé e kúrò nílẹ̀ Amẹ́ríkà dúró? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Kétu

Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kóòtù ọ̀daràn ń wo ẹ̀ṣẹ̀ àti ìyà, ọ́fíìsì ìwọ̀lú ń wo káàdì. Ẹ wá agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin ìwọ̀lú, lọ́tọ̀ sí ti ẹjọ́. Ohun kan ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọkọ yín: ṣé agbẹjọ́rò sọ fún un, kí ó tó jẹ́wọ́, pé wọ́n lè lé e kúrò nílùú? Láti ìgbà ẹjọ́ Padilla ní 2010 ni ó ti di dandan kí agbẹjọ́rò sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́, àbùkù ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ ti kòtẹ́milọ́rùn, nítorí ohun tí agbẹjọ́rò sọ ní ìkọ̀kọ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀. Lábẹ́ abala 2255 nínú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n máa ń gbé e wá, níwájú adájọ́ àkọ́kọ́, láàárín ọdún 1 tí ìdájọ́ ti fìdí múlẹ̀. Kí ó kọ ohun tí ó rántí sílẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀.

Wọ́n dá ọmọkùnrin mi lẹ́jọ́ ní Federal High Court ní Èkó, pé ó kó ọta wọ Nàìjíríà. Yorùbá Sábẹ̀ẹ́ àti Faransé ló gbọ́, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pé oṣù kan ó lé. — Ìyá kan, Sábẹ̀ẹ́

Ìyá wa, ọjọ́ ṣì wà. Láti kóòtù yẹn sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, ọjọ́ 90 ni lórí ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ti parí. Kódà bí ó bá kọjá, wọ́n lè tọrọ àfikún ọjọ́, ṣùgbọ́n wọn yóò ní láti ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi pẹ́. Bí ẹ kò bá lágbára owó agbẹjọ́rò, Legal Aid Council ti Nàìjíríà máa ń gba ẹjọ́ àwọn tí kò lówó. Kí ọmọ yín sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n pé òun fẹ́ kọ̀wé sí wọn. Kí ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ilé aṣojú ìjọba Benin ní Èkó létí. Àdéhùn Vienna ti 1963, abala 36, fún un ní ẹ̀tọ́ yẹn. Aṣojú kò lè jẹ́ agbẹjọ́rò rẹ̀, kò sì lè yí ìdájọ́ padà, ṣùgbọ́n ó lè bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè mú ìròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín.

Ti èdè yìí ni ó jẹ wá lógún jù nínú lẹ́tà yín. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà, abala 36, fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Ẹ ní kí agbẹjọ́rò gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ tí kóòtù fọwọ́ sí, kí ó wo ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ṣé wọ́n kọ orúkọ ògbufọ̀ síbẹ̀, èdè wo ni wọ́n kọ pé ó túmọ̀ sí, ọjọ́ wo ni kò sí? Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí jù lọ. Ẹ wo ìwé tí ó fọwọ́ sí ní ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí kọ́sítọ́ọ̀mù pẹ̀lú: bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ ọ́, ta ló kà á fún un, ṣé ẹni náà sì wá jẹ́rìí ní kóòtù? Bí agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ bá jókòó síbẹ̀ tí kò sọ pé oníbàárà òun kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn lè sọ pé ó ti pẹ́ jù láti gbé e dìde. Bí ó bá sì sọ ọ́, tí adájọ́ tẹ̀ síwájú láìsí ògbufọ̀, kí wọ́n fi ìyẹn ṣe ìdí àkọ́kọ́ nínú ìwé kòtẹ́milọ́rùn, kí wọ́n tó dárúkọ iye ọdún.